Iná tó ń gbọ́ "tàn" tí kì í gbọ́ "kú"

Ní òru ọjọ́ kan nínú oṣù Kejì ọdún tó kọjá, mo gbọ́ ohùn Màámi láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ní Kubwa. "Àjàní, nǹkan yìí ò gbọ́ràn sí mi lẹ́nu o." Kí n tó jáde, wọ́n ti dúró sáàárín òkùnkùn, ọwọ́ òsì wọn di ògiri mú, ọwọ́ ọ̀tún wọn ń wá ilẹ̀kùn balùwẹ̀ bí ẹni tó ń wá nǹkan nínú omi. Ẹni ọdún 79 ni wọ́n. Orúnkún ọ̀tún ti ń yọ wọ́n lẹ́nu láti ìgbà tí wọ́n ṣì wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, dókítà sì ti kìlọ̀ fún wa pé ìṣubú ni kí á sá fún jù. Nítorí irú òru bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo ṣe to nǹkan náà sílé: kí wọ́n jókòó sétí ibùsùn, kí wọ́n tẹ bọ́tìnì, kí iná tàn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti lẹ́nu ilẹ̀kùn balùwẹ̀ kí ẹsẹ̀ wọn tó kan ilẹ̀. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Kò tàn.

Mo mú wọn lọ, mo mú wọn bọ̀, oorun ò sì kùn mí mọ́ títí ilẹ̀ fi mọ́. Gbogbo ohun tí mo ṣe fún bí oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ni mo fẹ́ kọ síbí, nítorí mo mọ̀ pé àwa tí a ní òbí lọ́dọ̀ pọ̀, àwọn tó sì ti ra irú nǹkan yìí tí wọ́n ti sọ ọ́ sábẹ́ ibùsùn pé kò ṣiṣẹ́ náà pọ̀.

X10 ni orúkọ rẹ̀: ohun tó ń jẹ́ kí bọ́tìnì kan pàṣẹ fún iná tó wà níbòmíràn nínú ilé. Ìlú Glenrothes ní Scotland ni ilé iṣẹ́ Pico Electronics ti ṣe é ní 1975. Àbúrò ìyàwó mi tó ń gbé ní Leeds ló kó tirẹ̀ tí kò lò mọ́ fún mi: àpótí funfun kékeré kan tó ní bọ́tìnì, èyí tó ń ránṣẹ́, àti mẹ́ta tó ń gbọ́. Iná 230 fóòtì, 50 Hz, ni wọ́n ṣe wọ́n fún bíi tiwa níbí, ẹnu wọn sì wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì wa wẹ́kú. Ẹni tó bá fẹ́ fún yín ní ti Amẹ́ríkà, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ sì fi sílẹ̀. 120 fóòtì, 60 Hz, ni wọ́n ń lò lọ́hùn-ún, á sì jó mọ́ yín lọ́wọ́.

Ìdí tí mo fi yàn án kò ju méjì lọ. Onílé wa kò gbà kí ẹnikẹ́ni lu ògiri rẹ̀, èyí kò sì nílò wáyà tuntun, wáyà iná tó ti wà nínú ògiri náà ló ń gbà. Ìkejì, mi ò fẹ́ kí ìrìn Màámi lóru dúró lé íntánẹ́ẹ̀tì. Bí dátà bá tán, tàbí bí Wi-Fi kò bá la ògiri búlọ́ọ̀kù mẹ́ta kọjá, iná wọn kò gbọdọ̀ bá a lọ.

Ọ̀pọ̀ yín ló ti ń lo ìbátan rẹ̀ láìfura. Mítà alásanṣáájú tí wọ́n gbé kọ́ orí òpó níta, tí wọ́n wá fún yín ní kíípáàdì tí ẹ ń ki bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì nínú ilé: nínú ọ̀pọ̀ irú wọn, wáyà iná ni nọ́ńbà 20 tí ẹ tẹ̀ gbà dé orí òpó. Tí kíípáàdì yẹn bá kọ̀, tí ẹnìkan wá ní kí ẹ gbìyànjú sọ́kẹ́ẹ̀tì mìíràn, tí ó sì gbà, wàhálà kan náà tí mo fẹ́ ròyìn yìí ni. X10 àti irú mítà bẹ́ẹ̀ kì í sì í sábà dí ara wọn lọ́nà. Ìlànà EN 50065 tí wọ́n ń tẹ̀lé ní Yúróòpù fi ìsàlẹ̀ 95 kHz (ìyẹn ìró tó ń gbọ̀n ní ìgbà ẹgbẹ̀rún 95 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan) sílẹ̀ fún àwọn tó ń pín iná, ó sì fi òkè rẹ̀ títí dé 148.5 kHz sílẹ̀ fún àwọn tó ń lò ó nínú ilé. 120 kHz ni X10 ń lò.

Bí ó ṣe ń sọ̀rọ̀ rèé. Iná wa ń lọ ó ń bọ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà ó ń gba orí òdo kọjá ní ìgbà 100. Orí òdo yẹn, níbi tí iná ti rọlẹ̀ jù, ni X10 ti ń rí àyè sọ tirẹ̀. Á ju ìró 120 kHz kan sórí wáyà fún ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá, á sì dákẹ́. Bí ó bá fọhùn ní òdo kan, á dákẹ́ ní èyí tó tẹ̀ lé e. Bí ó bá dákẹ́ ní ti àkọ́kọ́, á fọhùn ní ìkejì. Ohun tó fi ń dá "bẹ́ẹ̀ ni" mọ̀ yàtọ̀ sí "bẹ́ẹ̀ kọ́" nìyẹn. Á kọ́kọ́ pe orúkọ iná tó ń bá wí lẹ́ẹ̀mejì, á sinmi díẹ̀, á wá sọ ohun tó fẹ́ kó ṣe lẹ́ẹ̀mejì. Gbogbo rẹ̀ gba ìlọ-bíbọ̀ iná 47. Lórí iná 50 Hz, ó kù díẹ̀ kó pé ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ìṣẹ́jú àáyá kan gùn fún irú ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí nǹkan kan bá pariwo lórí wáyà láàárín rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti dàrú. Àpótí tó ń gbọ́ kò sì ní í dáhùn pé òun gbọ́ tàbí òun kò gbọ́. Ẹni tó ránṣẹ́ á kàn máa rò pé ó ti dé. Àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀, bíi Insteon tó jáde ní 2005, ń dáhùn, wọ́n sì ń fi rédíò kún wáyà. X10 tó wà lọ́wọ́ mi kò ní ìyẹn, nítorí náà ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ń gbà ni mo ní láti tún ṣe.

Mo ní kí ọmọ mi obìnrin jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú bírò àti ìwé. Èmi á tẹ bọ́tìnì lẹ́ẹ̀ogún nínú yàrá Màámi, òun á fa ìlà fún gbogbo ìgbà tí iná bá tàn. Ìlà mẹ́fà ló fà. Inú mi bàjẹ́ nígbà tí mo rí i, torí ó túmọ̀ sí pé láti ọjọ́ tí mo ti to nǹkan náà ni Màámi ti ń fi sùúrù tẹ̀ ẹ́ láìsọ fún wa.

Àṣìṣe àkọ́kọ́, èmi ni mo ṣe é. Iná ọba níbí lè fò sókè lójijì, mo sì ti ki àpótí tó ń ránṣẹ́ bọ stabilizer tó ń ṣọ́ fíríìjì kékeré tí oògùn ojú Màámi wà nínú rẹ̀. Mo rò pé mò ń dáàbò bò ó ni. Ṣùgbọ́n wáyà tí wọ́n wé gìrìgìrì sínú stabilizer ń jẹ́ kí 50 Hz kọjá, kì í jẹ́ kí 120 kHz kọjá. Ohùn náà ń sọ̀rọ̀ sínú ìkòkò ni. Mo yọ ọ́, mo ki i bọ ògiri tààrà, ìlà di mọ́kànlá.

Phase ló kàn. Ilé wa ń lo iná phase mẹ́ta, ìyẹn wáyà iná mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ (red, yellow àti blue ni wọ́n ń pè wọ́n) tó ń bọ̀ láti ìdí tíránsífọ́mà. Bí a bá ti gbé níbí, a mọ ìgbà tí iná máa ń lọ ní yàrá tí á sì kù ní pálọ̀, ṣùgbọ́n mi ò tíì fi ojú yẹn wo ọ̀rọ̀ bọ́tìnì Màámi rí. Mo pe oníṣẹ́ iná kan, ọmọ Ọ̀ffà tó ti pẹ́ ní Abuja, ó ṣí bọ́ọ̀dù iná, ó sì fi ìka tọ́ ọ hàn mí: "Ẹ̀gbọ́n, yàrá Màámi wà lórí red, ọ̀dẹ̀dẹ̀ wà lórí blue." Àwọn tó ṣe X10 ti ro ti phase mẹ́ta ní tòótọ́: àpótí náà ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mẹta kí òdo kan tó tẹ̀ lé òmíràn, kí ó lè bọ́ sí òdo phase kọ̀ọ̀kan. Àkókò ni wọ́n bá wa ṣètò, wọn kò bá wa la ọ̀nà. Láti red bọ́ sí blue, ohùn náà ní láti jáde nílé, kó gba wáyà òpó lọ sídìí tíránsífọ́mà àdúgbò, kó tún padà wọlé. Ohun tó bá kù nínú rẹ̀ nígbà tó bá dé, ẹ̀rín músẹ́ ọmọ ọwọ́ ni.

Àwọn kan máa ń so phase pọ̀ pẹ̀lú coupler, èyí tó ń jẹ́ kí 120 kHz fò láti phase kan sí èkejì láìjẹ́ kí iná fúnra rẹ̀ kọjá. Ó dára. Ṣùgbọ́n fóòtì tó tó 400 ló wà láàárín phase méjì, kì í ṣe ibi tí ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ ń ki ọwọ́ bọ̀, kì í sì í ṣe capacitor (ẹ̀yà kékeré tó ń dí 50 Hz lọ́nà, tó sì ń jẹ́ kí 120 kHz kọjá) tí a yọ lára rédíò àtijọ́ ni à ń ki síbẹ̀. Tiwa kò tilẹ̀ dé bẹ́ẹ̀. Oníṣẹ́ iná pa iná gbogbo ilé, ó gbé bírékà ọ̀dẹ̀dẹ̀ kúrò lórí blue, ó fi í sórí red lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti yàrá. Àtùpà kékeré méjì kò lè wúwo fún red. Kò lò tó wákàtí kan.

Lálẹ́ ọjọ́ náà ni Màámi sọ ọ̀rọ̀ tí mo fi ṣe àkọlé yìí. Iná tàn ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Wọ́n lọ, wọ́n bọ̀, wọ́n fẹ́ pa á. Kò kú. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ títí. "Àjàní, iná yìí ń gbọ́ 'tàn,' kì í gbọ́ 'kú.'"

Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, mo sì ronú lé e lórí ní gbogbo ọ̀nà ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Ọ̀rọ̀ kan náà, wáyà kan náà, àpótí kan náà. Kí ló yàtọ̀ láàárín ìgbà tí a ń sọ pé kó tàn àti ìgbà tí a ń sọ pé kó kú? Ohun kan ṣoṣo: nígbà kejì, gílóòbù ti ń ṣiṣẹ́.

Mo dé'lé, mo gba rédíò oníbátìrì Màámi, mo yí i sí AM níbi tí kò sí ilé iṣẹ́ kankan, tí ó kàn ń sọ ṣìì bí òjò tó jìnnà. Mo gbé e sún mọ́ àtùpà ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí iná rẹ̀ kú. Ṣìì. Mo tan iná. Rédíò fi ariwo bẹnu, gììì, ariwo tó kan bí ẹ̀rọ ìlọta. Mo fà á sẹ́yìn ní ìwọ̀n apá kan, ó rọlẹ̀. Mo tún sún un mọ́ ọn, ó tún pariwo. Gílóòbù LED olówó pọ́ọ́kú tí mo rà lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri ni. Inú ìdí rẹ̀ ni ẹ̀rọ kékeré kan wà tó ń gé iná ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá, àwọn tó ṣe é kò sì fi nǹkan kan sí i tí yóò dá ariwo rẹ̀ dúró kó má bọ́ sórí wáyà. Àpótí tó ń gbọ́ àti gílóòbù yìí jọ jókòó lẹ́nu sọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà. Bí iná bá kú, ilé pa rọ́rọ́, àpótí á gbọ́ ohùn Màámi. Bí iná bá ti tàn, ẹni tó ń pariwo ti wà létí rẹ̀.

Mo lọ sí ọjà Wuse lọ́jọ́ Sátidé, mo gbé rédíò náà dání. Mo bẹ oníṣọ́ọ̀bù kan pé kó bá mi tan gílóòbù márùn-ún lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì gbà. Méjì nínú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ má pariwo rárá. Mo ra mẹ́rin nínú ìwọ̀nyẹn. Láti ọjọ́ náà ni iná ti ń gbọ́ "kú."

Mo rò pé ó ti parí. Ọ̀sán ni mo máa ń ráyè ṣe ìdánwò, tí mo bá ti iṣẹ́ dé kíá tàbí ní òpin ọ̀sẹ̀, ìlà ọmọ mi sì ti di méjìdínlógún, mọ́kàndínlógún. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti ṣú, Màámi á ní ó tún kọ̀. Mo yẹ rédíò sí gbogbo kọ̀rọ̀ ilé. Kò sí ariwo tuntun kankan.

Ìyàwó mi ló tú u. Ó ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́ lórí tábìlì, ó kàn gbójú sókè: "Ṣé ẹ kíyèsí i pé lọ́sàn-án tí ẹ ń dán an wò, mo ti máa ń pa tẹlifíṣọ̀n lára ògiri?" Òótọ́ ni. Nítorí owó mítà, gbogbo súwíìṣì sọ́kẹ́ẹ̀tì pálọ̀ ni ó ń pa láàárọ̀. Lálẹ́, àwọn ọmọ á tan tẹlifíṣọ̀n, tí wọ́n bá sì fẹ́ sùn, rìmóòtù ni wọ́n ń fi í pa. Orí phase kan náà pẹ̀lú yàrá Màámi ni pálọ̀ wà.

Tẹlifíṣọ̀n tí a fi rìmóòtù pa kò tíì kúrò lórí wáyà. Lẹ́nu ọ̀nà tí iná ń gbà wọ inú rẹ̀, capacitor kan wà tí wọ́n fi síbẹ̀ kí ariwo inú ẹ̀rọ má baà jáde. Ìṣirò rẹ̀ ló là mí lójú. Ẹ mú capacitor tó jẹ́ 0.1 microfarad, irú èyí tó wọ́pọ̀. Fún iná 50 Hz, nǹkan bí 32,000 óòmù (ìwọ̀n bí nǹkan ṣe ń dí iná lọ́nà) ló jẹ́. Ilẹ̀kùn tó tì ni. Fún 120 kHz, nǹkan bí 13 óòmù péré ni. Ilẹ̀kùn náà ṣí gbayawu. Gbogbo ohùn tí bọ́tìnì Màámi bá rán, ibẹ̀ ló ń wọ̀ sí bí omi tó rí ihò. Decoder ní tirẹ̀, ṣájà kọ̀ǹpútà alágbèéká ní tirẹ̀, extension box wa tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé ó ń dáàbò bo ẹ̀rọ náà ní tirẹ̀. Gbogbo wọn jókòó jẹ́ẹ́, kò sí èyí tó pariwo, ìdí nìyẹn tí rédíò kò fi rí wọn mú.

Nítorí èyí ni mi ò fi gbà pẹ̀lú àwọn tó ń sọ pé kí á kàn ra booster tí yóò mú ohùn náà lágbára sí i. Ó lè wúlò nínú ilé ńlá. Nínú ilé bíi tiwa, ẹ wá ẹni tó ń gbé ọ̀rọ̀ mì kí ẹ tó na owó. Ẹ yọ ohun gbogbo kúrò lára ògiri, ẹ tẹ bọ́tìnì lẹ́ẹ̀ogún, kí ẹ wá máa dá wọn padà lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì máa kà. Ó ń gba sùúrù. Ó gba ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta lọ́wọ́ wa, àní nígbà tí a ti mọ ibi tí a ó wò.

Ohun tó wo èyí sàn ni filter, ìyẹn asẹ́ tí a ki bọ àárín ògiri àti extension box. Á jẹ́ kí 50 Hz kọjá, á ti ilẹ̀kùn mọ́ 120 kHz, kí capacitor tẹlifíṣọ̀n má baà rí i jẹ. Àbúrò ìyàwó mi tún bá wa fi méjì ránṣẹ́. Kí wọ́n tó dé, àwọn ọmọ ti kọ́ láti máa pa súwíìṣì ara ògiri kí wọ́n tó sùn, ìyẹn náà sì ṣiṣẹ́. Kí ẹ sáà wo ampere tí wọ́n kọ sára filter dáadáa. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló lè gbé ẹrù áyọ̀ọ̀nù.

Inverter ni mi ò rí yanjú tán. Èyí tí a ń lò tẹ́lẹ̀ jẹ́ irú tí iná rẹ̀ kì í lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bíi ti iná ọba. Ńṣe ló ń fò láti òkè bọ́ sórí òdo, á dúró síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, á tún fò lọ sísàlẹ̀. Àpótí tó ń wá orí òdo láti sọ̀rọ̀ kò mọ ibi tí òdo bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. A ti pààrọ̀ rẹ̀ sí pure sine wave, èyí tí iná rẹ̀ ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ní oṣù Kẹsàn-án, ó sì dára sí i gan-an. Ṣùgbọ́n òun náà ní capacitor ńlá lẹ́nu ibi tí iná ti ń jáde, nítorí náà oníṣẹ́ iná wa bá mi fi filter aláfimọ́-bọ́ọ̀dù sáàárín òun àti ilé. Ní ti jẹnẹrétọ̀, a kì í tàn án lóru, mi ò sì tíì dán an wò.

Ohun kan ṣì kù. Bí pọ́ǹpù omi àwọn aládùúgbò wa tí a jọ ń lo phase kan bá ń fa omi, a máa ń pàdánù ìlà kan tàbí méjì nínú ogún. Mo ti bá bàbá ilé náà sọ̀rọ̀, wọ́n sì ti gbà kí oníṣẹ́ iná wa wá wo ẹnu wáyà pọ́ǹpù náà ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Lánàá, ní nǹkan bí aago mẹ́ta òru, mo jí. Mo gbọ́ àpótí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó dún kó, ti balùwẹ̀ náà dún kó tẹ̀ lé e. Ìmọ́lẹ̀ yọ lábẹ́ ilẹ̀kùn wa. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ Màámi, jẹ́jẹ́, láìkánjú, àti omi. Ẹsẹ̀ náà padà. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, kó, kó. Òkùnkùn padà sábẹ́ ilẹ̀kùn.